Owó Omi Dọ́gbadọ́gba Ló Sọ Kànga Wa Di Oníyọ̀

Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti mú lórí oko ẹ̀fọ́ abẹ́ wáyà NEPA, lẹ́yìn ẹ̀sìtéètì Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin. Kúlísúmù gbé rọ́bà tó fi ń bomi rin oko rẹ̀ dání, omi kò ṣàn, ẹ̀kán ló ń kán. Ṣọkọ rẹ̀ ti dorí kodò.

Ìsàlẹ̀ páìpù ni oko tirẹ̀ wà. Rùfáì ló wà lókè, lẹ́bàá kànga ẹ̀rọ tí gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ jọ ń lò. Ó ti fi rọ́bà tirẹ̀ sílẹ̀, omi ń ṣàn bọ́ sójú ọ̀nà. Òun jókòó síbòji, ó ń fa píọ́wọ́tà mu.

"Bọ̀dá Rùfáì, ẹ pa omi yẹn."

"Kí n pa á kẹ̀? Ṣé owó tí o dá ju tèmi lọ ni? Iye kan náà ni gbogbo wa ń dá lóṣooṣù. Ẹni tó bá pa tiẹ̀, ó ń fowó ẹ̀ ta ẹlòmíì lọ́rẹ."

"Ojú ọ̀nà lẹ ń bomi rin. Ṣé ọ̀nà náà fẹ́ẹ́ hu ẹ̀fọ́ ni?"

"Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù," Rùfáì dáhùn. "Omi Ọlọ́run sì ni. A-bù-wẹ̀, a-bù-mu, a-kì-í-bá-ṣọ̀tá. Ta ló ń wọn ọ́n?"

Inú bí Kúlísúmù. Ó gba omi sínú ife lẹ́nu rọ́bà Rùfáì, ó nà án sí i.

"Ẹ mu ún."

Rùfáì mu ún, ó tu ú dànù. Omi náà níyọ̀.

"Ẹ ti tọ́ ọ wò báyìí. Ọ̀kánjúà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Omi kẹ́tù kan lẹ fi ń ṣe àlùwàlá, ẹ wá ń fi dúrọ́ọ̀mù omi fọ ojú ọ̀nà. Bí ẹ̀fọ́ mi bá kú, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bọ́ àwọn ọmọ mi?"

Àǹtí Folúkẹ́, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó máa ń bẹ oko wọn wò, ló dé bá ìjà náà. Òun náà tọ́ omi wò, ojú rẹ̀ le.

"Ọ̀sà ò jìnnà síbí. Lábẹ́ ilẹ̀ níbí, omi tó dára ló wà lókè, oníyọ̀ wà nísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń fa tòkè láìsinmi, tìsàlẹ̀ á gòkè wá. Ẹ má dá Rùfáì nìkan lẹ́bi. Owó dọ́gbadọ́gba tẹ́ ẹ ń dá ló kọ́ ọ ní wọ̀bìà. Ẹ fi mítà sí rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Omi tó tó bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́, kówó ẹ̀ wà ní pọ́ọ́kú, kó má ni tálákà lára. Èyí tó bá lé, kówó ẹ̀ le."

"Ẹ fẹ́ máa ta omi Ọlọ́run, Àǹtí?" Rùfáì bi í.

"Ọlọ́run ló dá omi, kì í ṣe òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ yín. Kò sì ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀bùn òun ṣòfò."

Wọ́n gbà, tìkanra-tìkanra. Ọjọ́ tí mítà bẹ̀rẹ̀ sí yí, Rùfáì fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pa omi. Ó fi túùbù kẹ̀kẹ́ di ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti ń jò, ibi tó ti ń jò láti ọdún tó kọjá. Omi wá dé oko ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọkọ Kúlísúmù ti kú. Ó fà á tu, nítorí iyọ̀ kì í yára kúrò nínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́, láti Àmúwo títí dé Ìjẹ̀gùn, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí omi yín bá kọ́kọ́ níyọ̀. Kí oníkálukú máa sanwó ohun tó lò. Ẹ di ojú ibi tó ń jò, ẹ jẹ́ kí kànga sinmi. Ẹ gbàdúrà fún òjò, kí ẹ sì pa ẹnu páìpù.