Fóòmù Àga Kọ́ Ni Fóòmù Egbò

Láti àárọ̀ ni ìró òòlù ti gba àgbàlá Ògúnrẹ̀mí káfíńtà ní Ìdógùn. Àga tí Monica ọmọ rẹ̀ máa gbé lọ sílé ọkọ ló ń kàn. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, ní ọdún 1998, Sátidé sì ni ìgbéyàwó. Bàbá ń kàn, ó ń kọrin, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ká sọ tòótọ́, àga nìkan kọ́ ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ Oyèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Egbò ti wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ màmá yìí tipẹ́, omi kì í sì í dá lójú egbò náà. Àkísà tí wọ́n bá fi dì í láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti rin gbindin, eṣinṣin ti dé. Ẹnu ọ̀nà ni màmá ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí òórùn má baà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Àfi ìgbà tí wọ́n lọ sí ọsibítù ní Ọ̀wọ̀ lóṣù tó kọjá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fọ egbò náà, wọ́n sì fi nǹkan pẹlẹbẹ kan tó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ lé e. Fóòmù egbò ni wọ́n pè é. Ó ń fa omi mu! Aṣọ màmá kò tutù mọ́, òórùn náà lọ sílẹ̀. Ó ti búra pé iwájú pátápátá lòun máa jókòó sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ òun.

"Bàbá Monica!" Oyèkẹ́ ké láti inú ilé. "Omi ti dé etí fóòmù yìí o! Èyí tí wọ́n kó fún wa sì ti tán. Ṣé ẹnu ọ̀nà náà ni mo tún máa jókòó sí ni?"

"Ẹnu ọ̀nà kẹ̀?" Ògúnrẹ̀mí fò dìde. "Èmi tí mo ń fi fóòmù ṣiṣẹ́ jẹun? Fóòmù kan náà kọ́ ni gbogbo wọn ni?"

Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé igun kan lára fóòmù àga Monica, ó wọ̀n ọ́n wò lẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Orí bàbá wú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!"

Rhoda ló ń pariwo bọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní Ọ̀wọ̀, òun ló sì máa ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó fún Monica. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Kí ló dé, ọmọ mi? Tuntun ni o. Eruku ò tíì kàn án."

Rhoda gba igun fóòmù náà, ó da omi lé e, ó tẹ̀ ẹ́. Omi ya wàà sẹ́sẹ̀ bàbá. Ó wá yọ fóòmù egbò kan nínú báàgì, èyí tí àpò rẹ̀ ti ya tí kò ṣe é lò fún aláìsàn mọ́. Ó da omi sí ìyẹn náà, ó tẹ̀ ẹ́. Omi díẹ̀ péré ló kán jáde.

"Ó dì í mú!" Ògúnrẹ̀mí kígbe. "Ìyá Monica, wá wò ó!"

"Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, Bàbá," ni Rhoda wí. "Fóòmù àga máa dá omi padà sójú egbò ni. Ó tún máa ń já wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọn ò sì pa kòkòrò àrùn ara fóòmù náà."

"Ṣé ká fọ èyí tó kún yẹn, ká sá a sóòrùn?"

"Rárá o! Tó bá ti kún, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ sọ ọ́ nù. Mo mú òmíràn bọ̀ fún Màmá."

Rhoda fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi omi iyọ̀ tí wọ́n sè tó sì ti tutù fọ egbò, ó wá fi fóòmù tó fẹ̀ ju ojú egbò lọ yí ká bò ó. Ó ní kí màmá máa gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí tó bá jókòó, kó má sì pa ọjọ́ dókítà jẹ, nítorí omi ni fóòmù ń gbà, dókítà ló máa tọ́jú ohun tó fa egbò.

Ní Sátidé, iwájú ni Oyèkẹ́ jókòó sí. Nígbà tó jó lọ síbi pẹpẹ, Ògúnrẹ̀mí wo etí ìró funfun rẹ̀. Kò sí àbàwọ́n kankan níbẹ̀. Ayọ̀ pọ̀ débi pé bàbá sunkún.

Ẹ̀yin tí egbò yín ń ṣomi, ẹ má fi àkísà bò ó mọ́ra nílé. Ẹ má da eérú sí i, ẹ má tú kápúsù dà sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù. Bí wọ́n bá fún yín ní fóòmù egbò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí omi tó kọjá etí rẹ̀. Bí egbò bá ń dunni sí i, bó bá ń rùn sí i, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá wú tó gbóná, tàbí tí ibà bá dé, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá sì dé ilé Monica tí ẹ rí àga tí igun tìmùtìmù rẹ̀ jìn, ẹ má bi í léèrè. Ẹ sáà jókòó.