Ẹ̀gbọ́n Tàbí Àbúrò

Láyé ìgbà tí ọmọ Yorùbá ti tẹ ìlú dó sí agbedeméjì ayé àti òṣùpá, kò sí dókítà tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ la ikùn ọmọdé mọ́. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Asàrùn-dòǹkà ló ń ṣe é. Akọ̀wé á sọ àìsàn ọmọ fún ẹ̀rọ yìí, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di nọ́ńbà, abẹ á sì tẹ̀lé nọ́ńbà. Kì í béèrè orúkọ. Ọ̀mọ̀wé Adékàǹbí tó ṣe é ní orúkọ máa ń jọra, nọ́ńbà kì í jọra.

Ọlábọ̀dé ni akọ̀wé ìdí ẹ̀rọ náà. Ọdún méje ni kò fi ṣe àṣìṣe kankan, ìyẹn sì ti ń mú un gbéra ga díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìbejì ọlọ́jọ́ mẹ́ta dé. Ara Táyé le. Kẹ́hìndé ni ìfun rẹ̀ lọ́ pọ̀, tó ń bi omi aláwọ̀ ewé. Bí wọn kò bá tètè là á, kò ní rí ọ̀sán. Ìyá wọn bẹ̀bẹ̀ pé wọn kì í ya ìbejì, ni wọ́n bá tẹ́ àwọn méjèèjì sí yàrá abẹ.

Màmá Ẹfúnyẹmí, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti ń gbẹ̀bí kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ náà, ní, “Ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n so òwú mọ́ ọwọ́ èyí tó ń ṣàìsàn.”

“Màmá, òwú kọ́ ló ń la ikùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde.”

Ẹ̀rọ béèrè pé: èwo ni kí abẹ là, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò? Ọlábọ̀dé ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò? Ó tẹ ẹ̀gbọ́n.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ̀rọ kọ ọ́ síta pé iṣẹ́ ti parí. Màmá ló kọ́kọ́ wọlé; igbe rẹ̀ ni Ọlábọ̀dé gbọ́ tó fi sáré wọlé. Ikùn Táyé ni abẹ là, ìfun tí kò ṣe nǹkan kan ni ó gé. Kẹ́hìndé ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Aago ìbí ló ń tẹ̀lé,” Ọ̀mọ̀wé ní. “Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé kì í ṣe Yorùbá ló bí yín ni?” Màmá bi í.

Ẹ̀rọ kò ní yọ̀ǹda òkú láìjẹ́ pé akọ̀wé dáhùn: èwo ló kú, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò? Ọlábọ̀dé mọ̀ wàyí pé bó bá tẹ òótọ́, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, Táyé ni wọn yóò kọ sílẹ̀ ní òkú. Ó ń sunkún, ó tẹ àbúrò.

Ìyá wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rí i.

“Ẹ̀gbọ́n ni,” ó ní. “Ẹ ti pa á, ẹ tún gba ipò ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.”