Yàrá Tútù Tí Adéníyì Fi Pamọ́ fún Wáìnì

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀, kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Adéníyì.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde, máníjà báńkì ni ọmọ Ọ̀ṣogbo yìí ní ìlú Bìní. Kì í mu bíà, kì í fẹnu kan ẹmu. Wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé tó ti pẹ́ nínú ìgò nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ mọ̀. "Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí," ni ó máa ń wí. "Mo kàn ń tọ́ ọ wò ni."

Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pé jọ. Wọ́n á fi aṣọ bo àwọn ìgò kí Adéníyì má bàa rí orúkọ ara wọn, òun á rọra dà wọ́n sí gíláàsì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má bàa tẹ̀lé e. Wọ́n á gbé gíláàsì sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi sẹ́nu pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì.

"Ti agbègbè Bọ̀dó ní Faransé yìí ló dàgbà jù," ni Adéníyì á wí. "Ti agbègbè Bọ̀gọ́ńdì fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ló dùn jù."

Bí wọ́n bá ṣí aṣọ, bó ti wí náà ló máa ń rí. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, orí rẹ̀ á wú.

Ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo ló wà nílé náà, yàrá wáìnì ló sì wà. Lọ́jọ́ kan, ibà mú Fọláyẹmí, ọmọ rẹ̀ kékeré, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Olúfúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

"Bàbá Fọláyẹmí, ẹ jẹ́ kó sùn síbí kí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀."

"Bí ẹ bá ń wọlé, tí ẹ ń jáde, wáìnì á bàjẹ́. Gbé e lọ sí ọsibítù."

 Olúfúnkẹ́ pọn ọmọ náà, ó lọ. Nígbà tí ara ọmọ yá, Olúfúnkẹ́ kò padà sílé mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo ló gbé ọmọ náà lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ ṣì ń wá. Nígbà tó yá, ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Adéníyì. Dókítà ní bí kò bá jáwọ́ nínú wáìnì, ikú ni. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò ní sí wáìnì mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dín ẹran, ó ra mínírà dípò wáìnì, ó jókòó, ó ń retí wọn. Ẹnì kankan kò yọjú. Ó ń gbọ́ ariwo takisí àdúgbò New Benin lókèèrè, ilé tirẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó ṣí ìgò méjì, ó tọ́ èkíní wò, ó tọ́ èkejì. "Èwo ló dára jù?" ni ó bi àwọn àga tó ṣófo. Ó bú sẹ́kún.

Títíloyè, olùkọ́ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbọ́ ọ, ó sì wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, Títíloyè. Kò sẹ́nì kankan."

Títíloyè jókòó, ó bá a jẹ nínú ẹran náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Jésù kì í tìtorí ohun tó wà lórí tábìlì yín wá. Ẹ̀yin gan-an ló ń wá."

"Mo lé ọmọ mi tó ń ṣàìsàn. Ṣé irú mi náà?"

"Irú yín gan-an. Nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ni Jésù ṣe kú."

Adéníyì kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Olúwa. Àwọn méjèèjì da gbogbo wáìnì inú yàrá náà sí gọ́tà títí ó fi tán.

Adéníyì lọ sí Ọ̀ṣogbo, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀, ó sì bẹ ìyàwó rẹ̀. Olúfúnkẹ́ ní, "Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè padà." Fọláyẹmí rọra wò ó, ó bi í bóyá yóò dúró, ó ní, "Daddy, you go stay?" Adéníyì gbé e lé ẹsẹ̀, ó gbá a mọ́ra.

Òun nìkan ló padà sí Bìní. Òun nìkan ló ń jẹun títí ọjọ́ fi gorí ọjọ́, kí Olúfúnkẹ́ tó mú ọmọ padà wá. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà náà, kò bá àga sọ̀rọ̀ mọ́. Olúwa ló ń bá sọ̀rọ̀, Olúwa sì ń gbọ́.

Ìwọ tó ń kà á ńkọ́? Bóyá wáìnì kò kan ẹnu rẹ rí. Kí ni ìwọ fẹ́ràn ju ẹni tó ń sunkún nínú ilé rẹ? Kí ni ìwọ fẹ́ràn ju Ẹni tó kú fún ọ? Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Níbi tí o wà yẹn, sọ pé, "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, gbà mí." Sọ ọ́ nísinsìnyí. Jésù kò lé ẹnikẹ́ni tó wá bá a rí.