Iṣan Ọrùn Mizuho

"Mizuho, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ mà tún ti pọ̀ sí i. Ṣé ìrẹsì gígún lo kó sẹ́nu ni?"

Fumie ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn nínú ẹgbẹ́ tafàtafà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mizuho, ọmọ ọmọ mi, náà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹrí ba fún un. Àbúrò kì í dá ẹ̀gbọ́n lóhùn nínú ẹgbẹ́.

Oògùn ló fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Àìsàn kan ti mú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wú, títí inú iṣan náà fi há. Bí o bá di ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, o kò ní gbọ́ kí ohunkóhun lù níbẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sí orí náà ti ń dí. Dókítà Kuramoto fẹ́ yọ iṣan kan ní itan rẹ̀, kó fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ láti àyà dé ọrùn.

"Ṣùgbọ́n wíwú iṣan yẹn gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ná," ni dókítà wí. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bá a bá rán iṣan tó ṣì ń wú, ojú ibi tá a rán á tún dí. Oògùn ẹ ló ń mú un lọ sílẹ̀, Mizuho, má fò ó."

"Mo gbọ́, sà."

Ìdíje ti sún mọ́lé. Àwọn márùn-ún ló ń tafà pọ̀. Bí ẹnì kan bá yẹ̀, gbogbo wọn ló yẹ̀. Mizuho bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn rẹ̀ sódò lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fọn, Fumie sì yìn ín.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Wíwú iṣan ẹ tún ti ru sókè. Ṣé ò ń lo oògùn ẹ?"

"Mò ń lò ó, sà."

Ó sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú títí wíwú náà á fi lọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mizuho gbé ọrun sókè. Mo rí i pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè gbé e dúró. Ó yẹ kó sọ ọrun kalẹ̀, kó jáde. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fà á dé òpin, ojú rẹ̀ ṣú, ó ṣubú lulẹ̀.

Nílé ìwòsàn ló ti jẹ́wọ́. "Bàbá àgbà, mo ti ń da oògùn yẹn nù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń ṣàìsàn, kí n má baà kó wàhálà bá ẹgbẹ́."

Dókítà kò bá a wí. "Iṣan ọrùn ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán," ló sọ fún mi. "Mi ò lè dúró mọ́. Bó ṣe ń wú yìí náà la ó ṣe rán an."

Fumie bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá, eré ni mo ń bá a ṣe."

"Mo mọ̀. Jókòó."

Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó gbé e jáde. Ó yè. Ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé tó kò ríran mọ́, nígbà tó sì pẹ́ díẹ̀, ojú ibi tí wọ́n rán bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Wọ́n tún ọrùn náà là lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn èyí ló bi mí pé, "Àwọn wo ló dúró dè mí níta?"

Mo kà wọ́n fún un: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ wọn, aládùúgbò wa tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, èmi. Ó yíjú sí ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó fi àìsàn pamọ́ kí ó má baà yọ ẹlòmíràn lẹ́nu, ńṣe ló ń tọ́jú wàhálà náà kó lè dàgbà. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí dókítà ṣì lè dúró.