Ẹyẹ Mẹ́ta Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Eré ni ọmọ kejì ń ṣe lọ́wọ́ tí ikú fi dé bá a. Òwúrọ̀ ni, oòrùn ti là dáadáa. Ó ń fi okùn wọ́ agolo kiri àgbàlá, ó ní mọ́tò òun ni. Ló bá dúró, ó ní inú ń run òun. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kí wọ́n sì tó sáré pe bàbá rẹ̀ dé láti oko, ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kú lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú. Ọmọ mẹ́ta ni ìyálé ilé náà bí. Ó wá ku ọ̀kan ṣoṣo, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin tí gbogbo wọn ń pè ní Àbíkẹ́yìn.

Màmá, ìyá bàbá àwọn ọmọ náà, ò rí omi lójú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló kù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ọmọ náà jáde, ó lọ fara ti ògiri lẹ́yìn ilé ìdáná kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí ẹyẹ mẹ́ta tí wọ́n dùbúlẹ̀, tí wọ́n na ẹsẹ̀ sókè. Kò sí ọgbẹ́ lára wọn, kò sì sí ẹni tó sọ òkò. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé ẹyẹ làwọn ayé fi ń ṣe ẹsẹ̀ rìn. Bí ẹyẹ mẹ́ta bá wá kú sẹ́yìn ilé ẹni lọ́jọ́ tí ọmọ kú, kí ló tún kù téèyàn fẹ́ gbọ́?

Ìyàwó káfíńtà tó múlé tì wọ́n ò jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kó tó dé. Ó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀, ó jókòó ti Màmá, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

“Màmá, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí yàrá ìyàwó kékeré. “Ọmọ tibí yẹn ńkọ́? Ara ẹ̀ ń dán ni.”

Òótọ́ ni, ara rẹ̀ ń dán. Ìyàwó kékeré bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà ò sì tíì fi ọjọ́ kan ṣàìsàn tó le. Akọ̀wé ni Màmá sọ ìyá rẹ̀ nítorí pé ó ka ìwé mẹ́fà, kì í sì í ṣe oríyìn. Ìwé mẹ́fà ò kúkú pọ̀, àmọ́ nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìẹ, ó tó ohun tí wọ́n fi ń bú èèyàn. Akọ̀wé á se omi mímu títí yóò fi hó, á sì dé e. Á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kó tó jẹun. Èyí tó wá dun Màmá jù ni pé ó ti kọ́ ọmọ náà pé ohunkóhun tí wọ́n bá fún un, kó kọ́kọ́ gbé e wá fún òun.

Oṣù yẹn kan náà ni Màmá bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo yíyan fún un. Ọmọ náà sáré gbé e lọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà.

“Kí lo rí lọ́wọ́ mi tí ọmọ ẹ ò fi lè jẹ ńkan níbẹ̀?” ni Màmá bi í.

“Ẹ má bínú, Màmá. Nọ́ọ̀sì ló ní ká máa ṣọ́ ohun tó ń wọ ẹnu ọmọdé.”

“Nọ́ọ̀sì ló bí ọkọ ẹ fún ẹ?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín ti tán báyìí. Ìyálé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún: “Ẹni tó mọ ohun tóun ń fi sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, òun náà ló ń bẹ̀rù ọwọ́ ẹlòmíràn.”

Akọ̀wé tún wá dá kún un. Ó wọlé tọ ìyálé lọ, ó mú pẹ́ńsù àti bébà lọ́wọ́, ó rọra béèrè pé, “Ìyálé mi, kí ni àwọn ọmọ náà jẹ kó tó ṣe wọ́n?”

Ìyálé wò ó. “Ṣé o fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n dùn ni?”

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní ó ń kọ orúkọ òkú sínú ìwé. Ọkọ wọn ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Òjò ti já a kulẹ̀, àgbàdo rẹ̀ kú sóko, ebi wà nílé, ọmọ méjì sì ti lọ. Ó gbà pé kí aríran wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí aríran bá na ọwọ́ sí máa kúrò nílé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì lé jáde bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yẹn, òkò ni wọ́n fi ń sìn ín.

Lọ́jọ́ náà, obìnrin aríran jókòó sábẹ́ igi iwájú ilé, èrò yí i ká. Màmá wà ní yàrá pẹ̀lú Àbíkẹ́yìn. Ariwo èrò ti ń dẹ́rù ba ọmọ náà láti àárọ̀, Màmá sì ti fún un ní ìpanu kó má baà sunkún. Ló bá di ikùn mú. Itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Màmá mọ itọ́ yẹn.

Akọ̀wé ló gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń bì, ló bá já wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó wo èébì náà. Hóró àgbàdo wà níbẹ̀, ìdí àwọn mìíràn sì pọ́n díẹ̀.

“Màmá, kí ló jẹ?”

“Àgbàdo ni. Àgbàdo lásán.”

“Àgbàdo wo? Kò sí àgbàdo nílé yìí mọ́.”

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa àpò kan jáde lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Irúgbìn àgbàdo tí ìjọba pín fún àgbẹ̀ ló ṣẹ́kù síbẹ̀, pupa fòò. Ọmọ rẹ̀ ti sọ pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wo ni kì í sọ pé kí wọ́n má jẹ irúgbìn? Ebi ń pa àwọn ọmọ. Ó ti fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́ta títí omi fi mọ́, ó da omi náà àti àwọn hóró wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó yan èyí tó kù, ó ń bù ú fún wọn díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò jẹ ẹyọ kan. Kò léyín. Orí òkú kan wà tí wọ́n yà sára àpò náà, àmì ìjọba ló pè é, kí olè má baà jí i.

Akọ̀wé fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, ó kà á: “Májèlé wà lára irúgbìn yìí. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Fífọ̀ kò lè mú un kúrò.”

“Àwọn ẹyẹ yẹn,” ni Màmá wí.

“Màmá, ẹ fún mi ní àpò náà. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ rí orúkọ oògùn tó wà lára ẹ̀. N ò ní sọ ibi tí mo ti rí i.” Ó ti gbé ọmọ náà sí èjìká.

Káfíńtà àti ọkùnrin mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Aríran ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ jáde títí àjẹ́ á fi jẹ́wọ́.”

“Ó fẹ́ gbé èyí tó kù lọ,” ni ìyàwó káfíńtà wí. Ìyálé bú sẹ́kún. Aríran dìde, ó na ọwọ́, ọwọ́ náà sì ń bọ̀ sọ́dọ̀ Akọ̀wé.

Màmá mọ̀ pé bóun bá dákẹ́, òun ti bọ́ nínú ẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó lè ka àpò náà, Akọ̀wé sì ti ní òun ò ní sọ. Òkò ò ní kan òun. Àbíkẹ́yìn wá gbọ̀n lọ́rùn Akọ̀wé, orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Gbé ọwọ́ ẹ sílẹ̀,” ni Màmá sọ fún aríran. Ó bọ́ sáàárín wọn. “Èmi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu májèlé fún wọn, mo pè é ní oúnjẹ. Ẹ yà fún un lọ́nà.”

Wọ́n yà. Ọkọ wọn ò béèrè ohunkóhun, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Akọ̀wé jókòó sẹ́yìn, ó gbá ọmọ àti àpò mọ́ra.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò nílé ìwòsàn. Àpò náà ni nọ́ọ̀sì wò tó fi mọ abẹ́rẹ́ tó máa fún ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n padà dé, Àbíkẹ́yìn rù, ó ń bínú, ó ń béèrè agolo tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe mọ́tò. Màmá ti di ẹrù rẹ̀, ó jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n ní kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó má lọ. Ìyálé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò kí i, kò bú u. Èébú ì bá sàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé ń se oúnjẹ Àbíkẹ́yìn lọ́wọ́ nígbà tí Màmá wọlé. Ó mú ọ̀rá iyọ̀ dání, iyọ̀ tó ti ń rà láti ogójì ọdún.

“Ka ohun tó wà lára ẹ̀ fún mi.”

“Iyọ̀ ni, Màmá.”

“Mo mọ̀ pé iyọ̀ ni. Kà á.”

Akọ̀wé nu ọwọ́, ó fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á. Iyọ̀ ni. Màmá bù díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè ìkòkò, kò lè dà á sí i.

“Tún un kà,” ló wí.