Orúnkún Ṣòkòtò

Orúnkún ni aránṣọ náà kọ́kọ́ mọ̀ nípa ọkọ rẹ̀, kó tó mọ ojú rẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ẹnì kan na ṣòkòtò sí i, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ya yánnayànna. Ó ní kí ló dé, àbí ẹ̀bẹ̀ ló fi ń jẹun ni? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àgbẹ̀ ni òun, tòmátò sì ni òun ń gbìn, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè dúró lóòró gbìn ín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún mú òmíràn dé. Orúnkún náà ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, aránṣọ rí i pé abẹ ni wọ́n fi la èyí, kì í ṣe iṣẹ́ oko rárá. Ó fi aṣọ lẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní oko ni yóò máa gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ àwọn. Aránṣọ gbọ́, síbẹ̀ ó fẹ́ ẹ.

Ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Àgbẹ̀ náà kì í ti oko dé kó má kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé, nítorí aṣọ àwọn oníbàárà tó máa ń wà nílẹ̀. Òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọbìnrin wọn lọ sílé ìwé láràárọ̀. “Alábẹ́rẹ́ mi” ló ń pe ìyàwó rẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ṣòkòtò kan á wà lórí ẹ̀rọ, ihò á wà lórúnkún rẹ̀.

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, aránṣọ bí ọmọkùnrin kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ náà lò láyé.

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ti kú. Kò sunkún. Wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ. Wọ́n bá ní kó jókòó, á jókòó. Eruku bo ẹ̀rọ. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ líle yẹn di irun ọmọ wọn, tí gbogbo rẹ̀ ń wọ́, tó ń gbé ọmọ sórí kẹ̀kẹ́, tó ń forí lé oko. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà.

Ìgbà tó yá, ìyá rẹ̀ wá mú un.

“Ọjọ́ kejì tí a sin ọmọ ló ti gbé ọkọ́,” ni wọ́n wí. “Ṣé ìwọ rí omi lójú rẹ̀? Tòmátò rẹ̀ ló ká a lára. Dìde, ká máa lọ sílé, ìwọ àti ọmọ rẹ.”

Aránṣọ ní ó dáa. Kò sí èyí tí kò dáa lójú rẹ̀ mọ́.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń di ẹrù, aránṣọ rò ó pé kí òun kúkú tún ṣòkòtò ọkọ òun rán kí òun tó lọ, kó má lọ wọ àkísà kiri. Ó ká mẹ́ta lórí okùn. Ó na èkínní sójú fèrèsé: kò sí ihò kankan lórúnkún rẹ̀. Èkejì àti ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀. Ó yí wọn padà. Ìdí wọn ló ti fẹ́lẹ́, débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ọdún mẹ́jọ ló ti ń tún aṣọ ọkùnrin yìí ṣe, ó sì mọ ohun tó rí. Ẹni tó ń gbin nǹkan kọ́ ló wọ ṣòkòtò wọ̀nyí. Ẹni tó ń jókòó ni.

Ó ní kí ìyá òun dúró de òun díẹ̀. Ó gba ọ̀nà oko lọ.

Koríko ti dé ìbàdí. Tòmátò tó kù ti jẹrà mọ́ igi. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé, ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí yẹ̀pẹ̀ kankan lára rẹ̀. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀.

“Mo fẹ́ kó o rò pé mò ń ṣiṣẹ́ ni,” ó ní. “Bí èmi náà bá wó lulẹ̀ níṣojú ẹ, ta ló máa gbé wa? Ibí ni mo ti ń sunkún. Mi ò lè gbin nǹkan kan, Alábẹ́rẹ́ mi. Tí mo bá ti gbẹ́ ihò báyìí, tí mo rí bó ṣe kéré tó…”

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó di koríko mú, ó fà á tu. Ó tún fa òmíràn. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí, lòun náà bá kúnlẹ̀ tì í. Nígbà tó fi tó àkókò àtilọ mú ọmọ nílé ìwé, ibi tí wọ́n ro kò ju ẹní kan lọ.

Ìyá aránṣọ jókòó ti ẹrù lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé. Wọ́n wo aṣọ aránṣọ tó ti ya lórúnkún.

“Ẹ má bínú, màmá,” ni aránṣọ wí. “A ò lọ mọ́. Koríko ti pọ̀ jù lóko.”

Ìyá náà gbé báàgì padà sínú yàrá, wọ́n sì pe ọmọ-ọmọ wọn pé kó mú òòyà wá, kí wọ́n tú irun orí rẹ̀ tó wọ́.

Lẹ́yìn ilé, àgbẹ̀ bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀, ó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀ tó ti bó.

“Ṣé ó ń dùn ẹ́?”

Aránṣọ ronú sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní irú ìbéèrè yẹn tí òun sì rí ìdáhùn sí i.

“Ó ń dùn mí,” ó ní. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì já. “Ó ń dùn mí gan-an.”