Ibojì Ẹ̀gbẹ́ Mọ́ṣáláṣí Àgọ́-Ìyeyè

Hámzà ń fi okùn di àpò arìnrìn-àjò kan tó ti ya, ní pápákọ̀ àwọn oníhajj ní Jẹ́dà, nígbà tó gbójú sókè tó rí Sharifa. Ó jókòó láàárín àwọn Àlàájà, ó ń kọ orúkọ wọn sí fọ́ọ̀mù, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí èèyàn tán níwájú rẹ̀, kò sinmi. Ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ, ó ń kà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin Ìsìláàmù ni Hámzà ní Mẹ́kà. Àsìkò Hajj nìkan ló ń ru ẹrù. Ó bi í ní Yorùbá pé kí ló ń kà. Jẹ́dà ni wọ́n bí Sharifa sí, Lárúbáwá ló sì kọ́kọ́ fi dáhùn. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ìlú òyìnbó ni: ìtàn abúlé kékeré kan, ọlọ tí omi ń yí, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, afárá òkúta.

"Ta ló kọ́ afárá náà?"

"Àwọn ọlọ́lọ ní bàbá ńlá àwọn ni. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Al-Sabeel, àdúgbò kan ní Jẹ́dà níbí."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì bi í mọ́. Ìlú àti ìdílé ni wọn ì bá kọ́kọ́ wádìí nílẹ̀ Yorùbá.

Fún ọdún kan gbáko ni Hámzà ń wá sí Al-Sabeel ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àlàájì Síkírù, bàbá Sharifa, a jókòó sáàárín wọn, a máa rán aṣọ. Nígbà tí Hámzà wá tọrọ ọmọ, inú bàbá dùn. Ó ní kí Sharifa ka ìtàn abúlé àwọn, èyí tí olùkọ́ rẹ̀ ní kó kọ gẹ́gẹ́ bíi ti abúlé òyìnbó náà.

Ó kà á: Àgọ́-Ìyeyè, odò rẹ̀, mọ́ṣáláṣí alámọ̀, ibojì Àfáà Búsàrí, bàbá bàbá Àlàájì Síkírù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Hámzà ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Àfáà Búsàrí ló bí bàbá bàbá tèmi náà," ó ní.

Sharifa ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ń fẹ́ ara wọn ní Jẹ́dà, ẹ̀sìn kò sì kọ̀ ọ́.

"Ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́," bàbá dáhùn. "Ilé wa ló kọ̀ ọ́."

Hámzà tẹrí ba, ó padà sí yàrá rẹ̀ ní Jarwal, ní Mẹ́kà. Pé kò jiyàn rárá ló dun Sharifa jù.

Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn ọlọ́lọ inú ìwé rẹ̀, tí ìtàn wọn kò rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹnu bàbá rẹ̀ nìkan ló ti gbọ́ ìtàn yìí, ọmọ ọdún mẹ́rin sì ni bàbá nígbà tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n kúrò nílé. Hajj ti tún dé. Ó ń bi Àlàájà kọ̀ọ̀kan ní pápákọ̀ léèrè ìlú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó mú ìyá àgbà kan láti Àgọ́-Ìyeyè, Àlàájà Bàṣírátù, wálé.

"Síkírù, ọmọ Làmídì?" ni ìyá náà wí. "Bàbá rẹ ló mọ mọ́ṣáláṣí yẹn. Àlejò ni. Àfáà fún un ní yàrá, ó ń pè é ní ọmọ. Kò bí i."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Àádọ́ta ọdún ni Àlàájì Síkírù ti ń fi ibojì yẹn yangàn. Sharifa kábàámọ̀ pé òun bèèrè.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fa ìtàn tí mo kọ yẹn ya."

"Má fa nǹkan kan ya. Kọ orúkọ Làmídì síbẹ̀. Kí o sì ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin yẹn."

Hámzà dé lọ́jọ́ kejì.

"O yára tẹrí ba, Bọ̀dá Hámzà," Sharifa wí.

"Jìnnìjìnnì bò mí, olólùfẹ́."

"Tí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹnu ọ̀nà yín ni mo máa sùn."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá fa Sharifa lé Hámzà lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. "Èmi Síkírù, ọmọ Làmídì tó mọ mọ́ṣáláṣí, mo fi Sharifa fún ọ." Hámzà ní òun gbà. Bàbá ṣe àdúà, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó jáde lọ kírun láìdúró jẹun.